Àlejò Tó Jókòó Sẹ́yìn

"Ummi, ta ló jókòó sẹ́yìn mọ́tò Bọ̀ọ̀dá Haneef?"

Àsmá'ù, àbíkẹ́yìn mi, ló bèèrè. Wọlahi, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. N kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Òfìfo ni mọ́tò náà wà nínú ọgbà wa. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ rì lápá ọ̀tún, bí ìgbà tí àgbàlagbà tó sanra bá jókòó síbẹ̀.

Haneef, ọmọ mi ọkùnrin, ló rà á ní àlòkù. Mọ́tò asáré ni. Ó ń gbé e lọ sí yunifásítì ní Malete, èmi kì í sì í lè jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi dé.

Sàní, mẹkáníìkì wa ní Challenge, sọ pé áàmù ẹ̀yìn ló ti tẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà mọ́ ara mọ́tò. Ó fi tòkunbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Mọ́tò tún rì. Ó ní búṣìn ni, rọ́bà tó wà létí áàmù. Ó fi tuntun sí i. Ó tún rì.

"Bọ̀ọ̀dá Sàní, ẹ jẹ́ ká ra áàmù àwọn asáré," Haneef ní. "Èyí tó ní búṣìn líle."

"Búṣìn líle á gbọ̀n eyín dànù lẹ́nu ẹ, ọ̀gá eré."

"Eyín mi le."

Wọ́n ń yí irin sọ́tùn-ún, sósì, ní ṣọ́ọ̀bù Sàní, bí ẹni ń yan iṣu ní ọjà Ìpàtà. Oòrùn ń pa mí. Gbogbo rẹ̀ sú mi pátápátá.

Lónìí, Sàní de áàmù líle náà. Ó sọ mọ́tò kalẹ̀ láti orí jáàkì kó tó fún nọ́ọ̀tì pinpin, bó ṣe yẹ. Mọ́tò dúró ṣánṣán. A rẹ́rìn-ín délé.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, mo gbọ́ "kọ́" nínú ọgbà.

Ó ti rì.

Mo pe Sàní. Ó ní, "Màámi, kò sí irin tó kù tí mo lè pààrọ̀ mọ́."

Mo bẹ Haneef. "Wọ bọ́ọ̀sì lọ́la, ọmọ mi."

"Ummi, mo ní ìdánwò. Àsùbáà ni mò ń gbé e lọ."

Mo jáde lémi nìkan. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò. Àga ẹ̀yìn tẹ̀ wọnú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

Ẹnu mi sọ ohun tí a máa ń sọ fún àlejò kí n tó rò ó.

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wọlé wá sinmi."

Àga náà ru sókè díẹ̀díẹ̀. Ìdí mọ́tò gbéra nílẹ̀, láìdún. Mo ní Alhamdulillahi.

Àsmá'ù ń dúró dè mí lórí ẹní rẹ̀. "Ṣé ó ti sọ̀kalẹ̀?"

"Ó ti sọ̀kalẹ̀."

"Ibo ló wá lọ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí mo sọ.

Àsmá'ù ti sùn báyìí. Haneef ń hanrun. Bàbá wọn kò sí nílé. Etí ibùsùn ni mo jókòó sí tí mò ń kọ̀wé yìí. Ibùsùn náà ti rì lẹ́yìn mi. N kò bojú wẹ̀yìn.

Èémí kan ń lọ, ó ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Gbogbo ilé ti sùn.