Ikú Mísì Lẹ́sẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ rí i. Ó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù láti da ilẹ̀ nù, ó sì bá obìnrin tó ń gbé òkè ilé rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lórí àtẹ̀gùn. Gbogbo àtẹ̀gùn náà tutù fún omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá onílé pè é, ó tún un pè, kó tó yé e pé ẹni tí òun ń pè kò ní dáhùn mọ́.

Mísì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá, òun nìkan, kò bá ọkọ wá, kò bá ará wá, láti wá kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé-ẹ̀kọ́ kan tó wà lókè báńkì. Kò tí ì pé ọdún kan tó dé, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ àdúgbò ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ti ń fi bú ara wọn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ-jẹ́-n-wò ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn níbi tí àwọn yòókù bá ti ń sáré dá ẹjọ́.

"Ọ̀gá, yíyọ̀ ló yọ̀ ṣubú," ni ìyá onílé wí. "Ẹ ò rí omi?"

"Ẹ jẹ́ n wò, mà."

Ó kúnlẹ̀, ó rọra gbé èjìká òkú náà sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ Mísì gbẹ. Ilẹ̀ tó sùn lé náà gbẹ. Omi tó ṣàn wálẹ̀ ti yí i ká bí ẹni yí òkúta ká, kò sì wọ abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló fọ àtẹ̀gùn yìí, mà?"

"Èmi kọ́ o. Orúnkún mi ò jẹ́ n gòkè mọ́. Mísì ló máa ń bá mi fọ̀ ọ́, kò sì tí ì kan ọjọ́ tó ń fọ̀ ọ́." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ tó mọ ìtọ́jú ni. Tí mo bá húkọ́, á ti sọ̀kalẹ̀ wá wò mí."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà gòkè lọ. Àpótí kan wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ju aṣọ sínú rẹ̀ láìká, bí ẹni tí iná ń lé. Ó padà sọ̀kalẹ̀, ó yẹ báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú wò. Okùn báàgì náà ti já. Ìwé ìrìnnà wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí fóònù.

"Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bàjẹ́. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta."

"Ta ló máa ń wá kí i níbí?"

"Mísì Àgbà nìkan. Òun náà ń kọ́ni níbi iṣẹ́ wọn. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, wọ́n ti sọ ara wọn di ìyá àti ọmọ. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lókè, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Ẹ ò gbọ́ ariwo kankan lánàá?"

"Etí mi kan ti dí, ọ̀gá. Ìkejì ni mo fi ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n."

Dókítà tó yẹ òkú náà wò ló ba inú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jẹ́ jù. Ó ní orí ló fi sọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú lójú ẹsẹ̀. "Ó ṣì ń mí fún ìgbà pípẹ́. Ká ní ẹnì kan pe áńbúláǹsì ni, ó ṣeé ṣe kó yè é."

Nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ó sì jókòó.

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà," ló wí. "Láàárọ̀ àná, mo gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ kọjá. Ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìyá òun ga bí òpó, ó ní ó máa ń bá adìẹ jà bí ẹni bá orogún jà. Gbogbo kíláàsì ń fẹ̀rín ya. Ó ní tí ọlidé bá dé, òun á lọ wò ó."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kú tipẹ́."

Inú yàrá àwọn tíṣà ló ti bá Mísì Àgbà, obìnrin onírun funfun tó múra nigín-nigín. Tíì wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà."

"Ẹ ṣé. Ọmọ mi ni. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kò dà wá pọ̀."

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Nígbà tí a jáde níbí lánàá. Ó ní òun ń lọ gba fóònù òun. Ó rẹ̀ mí, mo gba ilé mi lọ."

"Ta ni ká fi tó létí nílé wọn?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ló kù. Ọmọ òrukàn ni, ọ̀gá. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n á ní. Onílé tí kò rí ẹni bá nílé ńkọ́?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń bẹ nínú ìsọ̀ kan tó fún bí inú ìbọ̀sẹ̀. "Ó wá gbà á nírọ̀lẹ́," ló wí. "Bí mo ṣe tàn án báyìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i ń rọ́ wọlé. Ó ka ọ̀kan, ó ka òmíràn, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, 'Mísì, kí ló dé?' Ó ní, 'Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń bá mi rẹ́rìn-ín.' Mo bu omi fún un, kò mu ún. Ó dìde, ó lọ."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un pe ẹ̀gbọ́n Mísì. Iṣẹ́ tó kórìíra jù nìyí. Ó fẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Ọkùnrin náà kò sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Ó kàn ń wí pé, "Rárá o. Ìyá wa la sin lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá wa ni wọ́n fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ti ṣì í gbọ́." Nígbà tó yé e, ó bú sẹ́kún.

Ó ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹkún. "Àbúrò mi ní fóònù òun ti bàjẹ́, ó fún wa ní nọ́ńbà kan pé ká máa fi ìyẹn pe òun. Nígbà tí ìyá wa kú, a pè é. Obìnrin kan ló gbé e. Ó bá wa sunkún, ó ní òun á fi ọgbọ́n sọ fún un. A ń retí ìpè rẹ̀, kò pè. A wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tirẹ̀. A rò pé ó ń bínú sí wa ni."

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọ yàrá àwọn tíṣà. Ọ̀gá àgbà tẹ̀ lé e. Mísì Àgbà fẹ́ dìde kí wọn.

"Ẹ jókòó, mà." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó tẹ nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n Mísì fún un.

Fóònù dún nínú báàgì Mísì Àgbà. Kò nawọ́ sí i. Ó dún títí ó fi dákẹ́.

"Ẹyin lohùn, mà, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Ẹ pè é ní ọmọ òrukàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti di ọmọ òrukàn. Ọ̀gá yín kò mọ̀. Ẹ sì ní ẹ ò rí i mọ́ lẹ́yìn tó lọ gba fóònù. Ta ló wá sọ fún yín? Ẹni tó gba ìpè náà nìkan ló lè mọ̀. Abẹ́ òkú rẹ̀ gbẹ, àtẹ̀gùn tutù: ẹnì kan da omi sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣubú, ó sì gbé fóònù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ wà nínú rẹ̀."

Mísì Àgbà ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó gbé fóònù kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ fún un," ló wí. "Tí mo bá ti la ẹnu, á rẹ́rìn-ín sí mi. Mo mọ̀ pé tó bá lọ, kò ní padà. Ọ̀gá, ọmọge ni mo dé ìlú yìí. Nígbà tí ìyá tèmi kú, mo ní kí iṣẹ́ dẹwọ́ ná. Iṣẹ́ ò dẹwọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ gbogbo ayé, mi ò rí ẹni tí màá sọ èdè mi sí. Ìgbà tí ọmọ yìí dé ni mo tún ń gbọ́ ọ."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?"

"Ó ní kí n wá. Mo bá a tó ń di ẹrù. Kò pariwo. Ó ní, 'Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n sin ìyá mi láìsí mi nílé.' Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo sáré di báàgì rẹ̀ mú, mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó kọjú sí mi, ó ń fà, èmi náà ń fà. Okùn já."

"Títí dé ibẹ̀, jàǹbá ni," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ni kì í bá ara wọn jà? Ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí, mà. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ yín. Omi lẹ lọ pọn."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ó ń pe ìyá rẹ̀. Mo ní, 'Èmi rèé.' Kò wò mí. Ìyá rẹ̀ ló ń pè."

Wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yà fún un láti kọjá, ẹnì kankan kò bú u.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dúró lẹ́yìn, ó tún pe ẹ̀gbọ́n Mísì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ó gbọ́ pé ìyá wa ti kú?"

"Ó gbọ́."

"Ṣé ó bínú sí wa pé a sin ín láìdúró dè é?"

"Rárá. Ó ti ju aṣọ sínú àpótí, ìwé ìrìnnà ti wà nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."

Ọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń gbọ́ ọ tó ń ké sí àwọn tó wà nínú ilé pé, "Ó ń bọ̀! Ẹ gbọ́, wọ́n ní ó ti ń bọ̀ nílé!" Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ di fóònù mọ́ etí, kò lè pa á.