Obìnrin Inú Ojú Tó Fọ́

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ń ríran, ó wá fi ti òsì tó ti funfun bí ẹ̀kọ wo Nọ́ọ̀sì Afusat. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó fọ́ ni mo ní kí ẹ bò," ni Afusat wí. "Ojú tó ti kú, kí lẹ fẹ́ fi rí?"

Ṣàíbù lorúkọ ọkùnrin náà, irin ló ń jó ní Ìdúmọ̀tà.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Afusat ti lò ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ọsibítù yẹn ní Erékùṣù Èkó, kò sì sí ohun tó ń fọ́ èèyàn lójú tí kò tíì kọ sínú ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀. Bí Kérésì bá dé, báńgà ni. Bí ilé ìwé bá wọlé, pàṣán tíṣà ni. Àwọn tó ń jó irin láìwọ gíláàsì ń wá pẹ̀lú iná tó ta sí wọn lójú, àwọn ìyá ọlọ́jà Balógun kì í sì í yọjú àfìgbà tí ìfúnpá inú ojú bá ti ba tiwọn jẹ́ tán, wọ́n á ní àwọn rò pé ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àpólò ti ń jà kiri Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun kan náà ló ń kọ. Ojú òsì. Ẹyinjú jẹrà, ó bẹ́. Èèyàn mẹ́sàn-án láàárín oṣù méjì, gbogbo wọn láti inú àwọn agbo ilé tó yí ti Afusat ká. Ṣàíbù ló ṣe ìkẹwàá.

"Ta ló kán oògùn sí yín lójú?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

Orí Afusat gbóná. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀, Alhaja Jemilat, wà nílé, ojú òsì nìkan ló sì kù tí màmá náà fi ń ríran. Láti àná ni àpólò ti mú ojú kan ṣoṣo yẹn. Kí Afusat tó jáde láàárọ̀ ló ti kéde fún gbogbo agbo ilé pé ẹni tó bá kán ohunkóhun sí ìyá òun lójú, tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ló máa sùn.

"Ẹ̀ ń bò ó láṣìírí!" Ó ti ń pariwo. "Ẹnì kan á lo oògùn dé ìlàjì, á gbé ìyókù fún aládùúgbò, á ní gbà, èyí ló ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ̀ ń pín oògùn ojú bí ẹni ń pín sàárà! Ẹ̀ ń fọ́ ara yín lójú, ẹ wá ń sunkún bá wa níbí!"

Ṣàíbù rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó pín in fún mi. Wọ́n wọlé wá bá mi lọ́sàn-án gangan, obìnrin kan, aṣọ funfun. Mo rò pé ìjọba ló rán wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn. Ọwọ́ wọn tutù, ó ń rùn sípíríìtì. Ojú yìí ò rí nǹkan kan mọ́, àfi wọn."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa bínú."

"Mo ti ń bínú!"

"Ẹ̀yin ni."

Afusat fi ọwọ́ lu tábìlì. "Orí ẹ dàrú!" Ó yíjú sí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́sàn-án ọjọ́sí wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ń sọ?"

Àwọn méjì wolẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìyàwó ilé kan, ti fọwọ́ bo ojú rẹ̀ tó dáa, ó ń wò ó.

Kò dágbére fún Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ, ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà ilé nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń fi èjìká ti àwọn èèyàn, ó ń bínú sí àwọn tó gbé ọjà dí ojú ọ̀nà, ó ń bínú sí Ṣàíbù. Àárín ọ̀nà ló wà tí orúkọ tí kì í jẹ́ kó wá sí òun lọ́kàn fi dé. Hàwáwù.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Hàwáwù, ìyàwó Bashiru, wà nínú agbo ilé tiwọn, ìgbálẹ̀ ló họ ọ́ lójú òsì. Afusat ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú wá sí ọsibítù. Ìlàjì oògùn kan tó ṣẹ́ kù ló mú wálé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán an fún un. Oògùn yẹn kò dára fún ojú tó bá ti họ, ó sì mọ̀. Ó kàn ń kánjú ni, kò yẹ ojú náà wò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ojú náà fi bẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé Hàwáwù dé iwájú tábìlì, Afusat kọ ọ́ sínú ìwé pé igi ló gún un. Hàwáwù gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún dókítà, kò sì já a nírọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣìṣẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lápá ibi tí kò ríran mọ́, ó sì kú. Afusat wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Aṣọ funfun, ọwọ́ tó ń rùn sípíríìtì: ohun tí ojú òsì Hàwáwù rí kẹ́yìn kó tó fọ́ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Alhaja Jemilat jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omi ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"O tún padà wá ni?" ni màmá náà bi í.

"Màámi, ta ló kán an?"

"Ta tún ni, yàtọ̀ sí ìwọ? O ò tilẹ̀ kí mi. Mo ní kí o jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Bísímílà, o fi tipátipá là á. Kí ni mo ṣe fún ẹ tó ń bí ẹ nínú tó bẹ́ẹ̀?"

Afusat sáré bu omi, ó ń dà á sí ojú náà, ó ń dà á, àmọ́ funfun náà ti ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá bo dúdú ẹyinjú. Inú wá bí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó kígbe sí inú yàrá tó ṣófo.

"Hàwáwù! Èmi ni mo ṣe é! Èmi ni mo fọ́ ọ lójú, èmi ni mo purọ́! Kí ló kan ìyá mi? Kí ló kan gbogbo àwọn yẹn? Èmi ni kí o wá bá!"

Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó má da omi mọ́. Ó wo Afusat, ó tún wo ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì, ó tún wo Afusat.

"Ẹ pé méjì," ló wí jẹ́jẹ́. "Afusat, èwo ni mo bí nínú yín? Tètè sọ, kí n dì ọ́ mú kí ojú yìí tó ṣú."

Afusat la ẹnu. Láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì ni ohùn Afusat gan-an ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni, Màámi."

Alhaja jọ̀wọ́ ọwọ́ Afusat, ó na tirẹ̀ sí ibi tí ohùn náà ti wá, ohun kan tí Afusat kò rí sì gbà á mú.