Eku Wo Ló Ń Lo Àlùmọ́gàjí?

Nígbà tí Ẹlẹ́nu ti ilé ìwé dé, ó bá ìyá rẹ̀ ní ìjókòó nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn, tó ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ funfun oníbàárà wẹ́wẹ́. Kò sunkún. Àbúrò Ẹlẹ́nu sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Wárápá tún ti gbé e ṣánlẹ̀ láàárọ̀, bó ṣe ń ṣe é láti kékeré.

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, já àlùmọ́gàjí náà gbà.

"Tí ayé bá gbọ́, wọ́n á ní orí ìyàwó wa ti dàrú. Nọ́ọ̀sì tó ni aṣọ ń bọ̀. Ìwọ Ẹlẹ́nu, sọ fún un pé eku ló jẹ ẹ́."

"Eku wo ló ń lo àlùmọ́gàjí, Àǹtí?"

Ọ̀rọ̀ kì í kú sí i lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣe ń pè é ní Ẹlẹ́nu nìyẹn.

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ lọ́mọ wèrè nílé ìwé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Irọ́ kan péré, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ó ṣa àgékù aṣọ náà sínú àpò. Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, Àǹtí ń pa làpálàpá!

Nọ́ọ̀sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òun ló ń tọ́jú ọmọ náà nílé ìwòsàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ọkọ mi kékeré ńkọ́? Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?"

"Ó ń lò ó, ẹ ṣeun," ni ìyá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó máa ń rín fún gbogbo àlejò yẹn ló bí Ẹlẹ́nu nínú.

"Aṣọ mi ńkọ́?"

Àǹtí ṣẹ́jú sí Ẹlẹ́nu.

"Eku..." Ó tú àpò náà sílẹ̀. "Irọ́ ni! Ìyá mi ló gé e. Wọn kì í sùn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wárápá á mú ọmọ lójú oorun. Bàbá mi ń hanrun, Àǹtí ń hanrun! Ọmọ, ọmọ, ọmọ ni gbogbo yín ń béèrè. Ta ló béèrè ìyá mi rí?"

Bó ti ń sọ ọ́ ló rántí pé òun náà kò béèrè rí, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú rẹ̀.

Àǹtí gbá a létí. "Atúlé!"

Nọ́ọ̀sì kò wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, ìyá. Báwo lara tiyín?"

Ìyá la ẹnu kó sọ pé dáadáa ni, kò lè sọ ọ́. "Ó rẹ̀ mí," ó ní. "Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ jáde nílé, kí n má padà mọ́." Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Nọ́ọ̀sì ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn. Ojú ti bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣọ́ ọmọ lóru. Àǹtí kò sì bá Ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ilé ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lọ́mọ wèrè lóòótọ́, ó sì dùn ún wọra. Ó kọjú sí ẹni tó sọ ọ́.

"Ìyá tèmi ń gba ìtọ́jú. Ìyá tìẹ ńkọ́? O ti béèrè rí?"

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ènìyàn lòun náà, kì í ṣe igi. Kí a tó béèrè ara ọmọ, ẹ jẹ́ ká béèrè ara ìyá rẹ̀.