Ahọ́n Ilé Mama Zelma

Ìwé ìkìlọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ransom. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ni ilẹ̀kùn bá ṣí, omi ìfọbọ́ sì dà lé mi láti orí dé bàtà.

"Mama! Èèyàn ni o!" ohùn ọkùnrin kan ké nínú ilé.

"Mo mọ̀ pé èèyàn ni," ìyá náà dáhùn. "Bó bá jẹ́ ajá ni, ṣé màá da omi sí i?"

Ransom jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura. Wẹ́dà ni, gbogbo ìka rẹ̀ ló ní àpá iná. Ó na aṣọ sí mi, ó ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Kí lorúkọ rẹ?"

Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Inú ilé ni ìyá mi ti kọ́ mi níwèé títí ó fi kú, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni mo sì jókòó sí dàgbà; etí ni mo ń lò, n kì í lo ẹnu. Mo kàn na ìwé tútù náà sí i.

Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé Ìkìlọ̀ lorúkọ rẹ ni?"

"Idella," mo ní, bí ẹni ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá mi, Hobert, ni alábòójútó ọgbà ilé alágbèéká, ilé tí ọkọ̀ lè fà lọ, tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè wa ní Kentucky. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ló ni ilẹ̀, ìlú ńlá ló sì ń gbé. Nínú ọgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ilé kọ́ ló ni ilẹ̀. Bí onílẹ̀ bá ní kí o máa lọ, o fa ilé rẹ dání, tàbí kí o fi í sílẹ̀ kí o máa sunkún lọ. Eruku èédú inú ihò kùsà tó ti ṣiṣẹ́ rí ti jẹ bàbá mi ní ẹ̀dọ̀fóró, kò lè rìn dé ìpẹ̀kun ọgbà mọ́, èmi ni mo ń bá a yí i ká. Ilé tí àwa náà ń gbé, iṣẹ́ yẹn ló fún wa. Bíṣẹ́ bá lọ, ilé lọ.

Ayálégbé tó le pọ̀, àmọ́ kò sí irú Mama Zelma. Ó ń sun táyà lẹ́yìnkùlé. Ó fi ìgbálẹ̀ lé ẹni tó ń ka mítà omi dé ojú títì. Ó bú aládùúgbò títí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn ilé wọn jáde. Èyí tó wá burú jù ni ọ̀rọ̀ ahọ́n.

Ahọ́n là ń pe irin ńlá tó yọ níwájú ilé alágbèéká, èyí tí ọkọ̀ fi ń fà á. Òfin Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ni pé ẹni tó bá ti gbé ilé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò, kí ọgbà lè dà bí àdúgbò gidi. Gbogbo èèyàn ló yọ tiwọn. Mama Zelma ní láéláé.

"Ẹni tó bá gé ahọ́n ilé rẹ̀ ti gbà láti kú síbẹ̀," ó sọ fún mi. "Ọkọ mi gé tiwa ní ọgbà tá a kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí wọ́n lé wa, a fi ilé sílẹ̀ bí ẹni tógun ń lé. Irin yìí lẹsẹ̀ mi. Lọ sọ fún bàbá rẹ."

Gbogbo ìgbà tí mo bá mú ìwé ìkìlọ̀ lọ, Ransom a sìn mí padà. "Kí ni ìyá mi tún ṣe, àyànfẹ́?" Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ń dá a lóhùn, kó tó di ọ̀rọ̀. Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́ tán lórí òkè, ìwé òfìfo ni mo ń mú lọ.

Etí odò kékeré ẹ̀yìn ọgbà ló ti sọ ọ́. "Idella, mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi."

Inú mi dùn dé ibi tó ń dùn mí. Mo ní, "Bàbá mi ńkọ́?"

Bàbá mi wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ Zelma? Ilé tó ń jẹ́ kójú mi rí màbo, òun ni kí n tún fi ọmọ mi fún?" Ó mí sókè, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Pruitt ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bí òun bá bá ahọ́n yẹn níbẹ̀, òun á lé wọn. Kí ọmọkùnrin náà gé e. Bó bá gé e, màá mọ̀ pé ó fẹ́ jókòó, èmi náà á jókòó bá a sọ̀rọ̀."

Nígbà tí mo sọ fún Ransom, ó ní, "Ìyá mi á pa mí."

"Sọ fún ìyá rẹ pé torí ìgbéyàwó ni."

"Kó gbọ́ pé ọmọ Hobert ni? Á ní ẹ fi ẹwà rẹ dẹ mí ni. Jẹ́ kí n gé e ná, olólùfẹ́ mi. Tí inú rẹ̀ bá rọ̀, a ó jọ sọ ọ́."

Nígbà tí Mama Zelma wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú náà, Ransom gbé iná ìgérin rẹ̀ jáde. Ẹ̀ta iná ń fò, irin ń pọ́n, ó sì já lulẹ̀ gbì. Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí. "Ó tán. Mo ti di ará ibí."

Ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Ó fi ẹsẹ̀ kan irin tó já sílẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Mama. Òfin ọgbà ni."

"Òfin Hobert," ó ní. Ó yí sẹ́yìn ilé, ó mú àáké.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ti dé. Ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́dọ̀ bàbá mi nígbà tí àáké kọ́kọ́ wọ ilẹ̀kùn wa. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀rún pákó fò, ó ya Pruitt níwájú orí. Ransom ló wá gbá ìyá rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Ẹ gé ẹsẹ̀ mi!" ni obìnrin náà ń ké. "Ẹ gé ẹsẹ̀ mi!"

Pruitt fi aṣọ tẹ ẹ̀jẹ̀. "Hobert, kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ mi kí oṣù yìí tó parí."

"Ọ̀gá, wọ́n ṣáà ti gé e…"

"Mi ò bi ọ́. Bí wọn ò bá lọ, ìwọ ni wàá lọ."

Èmi náà ni mo mú ìwé ìlénilọ wá fún wọn. Ransom gbà á lọ́wọ́ mi, kò ṣàwàdà.

Ó fi iná jó ahọ́n náà mọ́ ilé padà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé náà ti gbó, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀, iná tó sì fi gé e ti sọ irin tó yí i ká di ahẹrẹpẹ. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù fà á, ojú ibi tó jó kò já. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya. Iwájú ilé tẹ̀ wọlẹ̀, ògiri là, àwo ọbẹ̀ ń já bọ́ lulẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mama Zelma jókòó lórí àga lẹ́bàá títì, ó ń wò ó. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi pé kó jẹ́ kí ìyá náà sùn lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Ẹni tó fi àáké kanlẹ̀kùn mi?" Mama Zelma náà ní kàkà kóun sùn lábẹ́ òrùlé Hobert, òun á sùn lójú títì. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Indiana ni wọ́n ń lọ.

"Bá mi lọ," Ransom sọ fún mi.

Ikọ́ bàbá mi ń dún láti inú ilé. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ lọ, òrùlé lọ. "Ta ló máa tọ́jú bàbá mi?"

"Ta ló máa tọ́jú ìyá tèmi?" ó ní. Ìbéèrè kan náà ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbá ojú mi mú, ó sunkún, mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Mama Zelma ṣẹ́wọ́ sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ọmọ Hobert. Ransom sọ fún mi lánàá. Ṣé torí tìẹ ló fi gé e?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Ohùn rẹ̀ kéré bíi tèmi. "Mo rò pé ó tẹrí ba fún bàbá rẹ ni. Bó bá ní ìyàwó lòun fẹ́ fẹ́, èmi fúnra mi ni ǹ bá di irin náà mú fún un."

Ó yí gíláàsì fèrèsé náà sókè. Ransom kò lè wojú mi. Ọkọ̀ ṣí.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà nígbà tí mo pariwo orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. Ilẹ̀kùn ń ṣí káàkiri, àwọn èèyàn jáde, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Iná pupa bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tàn. Ó tàn fún ìgbà díẹ̀, mo ti ń sáré. Lẹ́yìn náà ó kú, wọ́n sì yà sójú títì lọ.