Táyà Bàbá, Bẹ́líìtì Ìyàwó

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà tó mọ́ tán, Káfíńtà ti nu ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi omi ọṣẹ nù ún, ó fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e, ó wá fi òróró ìdánkọ̀ pa á lára títí bọ́ńpà iwájú fi ń dán bíi dígí tí èèyàn lè wò fá irùngbọ̀n. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Láti orí ìlẹ̀kùn dé orí ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun kan lára rẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgbà tí wọ́n gbé e jáde ní ilé iṣẹ́.

Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ fẹ́ jáde. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn láti pápá ilé ìwé lọ sí etí adágún omi, ìrìn bíi wákàtí kan. Bí wọ́n bá débẹ̀, àwọn mẹ́ta tó ń fún ni ní máàkì yóò yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ṣì rí bí wọ́n ṣe ṣe é jù lọ ni yóò gba àmì ẹ̀yẹ. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Káfíńtà ti ń ṣe ipò kejì. Lọ́dún yìí, ó ti kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ògiri pálọ̀ níbi tí àmì ẹ̀yẹ náà yóò jókòó sí. Pákó náà ń dán, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kì í kọjá níbẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun ti sọ ọmọ lórúkọ, ó kù kí ẹnìkan lóyún.

Inú àwọn méjèèjì dùn sí ìrìn yìí, àmọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ti kọ́kọ́ fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Màmá, ìyá Káfíńtà, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì fi ọkọ̀ náà jáde. Ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kò sì ní bẹ́líìtì, torí pé nígbà tí wọ́n ṣe é, kò sẹ́ni tó ka bẹ́líìtì ẹ̀yìn sí nǹkan. Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó pe mẹkáníìkì wá fúnra rẹ̀, ìyẹn sì fi bóòtù so bẹ́líìtì mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ gírígírí. Nígbà tí Káfíńtà rí i, ó káwọ́ lérí.

Ó ní, “Máàkì méjì lo fi ṣòfò yẹn.”

Aránṣọ ò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. “Máàkì pọ̀ láyé. Màmá kan ṣoṣo la ní.”

Káfíńtà wọ gáréèjì lọ. Bí yóò ṣe rí máàkì méjì náà gbà padà ló ń rò. Ibẹ̀ ló ti rántí àwọn táyà bàbá rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n wà lórí ríìmù wọn ní kọ̀rọ̀ gáréèjì, aṣọ ni bàbá fi wé wọn kó tó kú. Irú èyí tó bá ọkọ̀ náà jáde gan-an ni. Kò tíì tẹ ojú títì rí, eyín rẹ̀ sì jinlẹ̀ bíi ti àná. Káfíńtà tú táyà ìgbàlódé tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ó de ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ó wà á lọ gbá afẹ́fẹ́ sí i lọ́dọ̀ fọkanáísà ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Fọkanáísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

“Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré yìí. Kí lẹ kà?”

“Ọ̀kan, mẹ́jọ, òdo, mẹ́ta.”

“Méjì àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ ni. Méjì ìkẹyìn, ọdún ni. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2003 ni wọ́n ṣe táyà yìí. Ó ti lé lógún ọdún, sà.”

Káfíńtà ní kó wo eyín rẹ̀, kò tíì jẹ rárá. Fọkanáísà ní òun kì í wo eyín nìkan, òun ń wo ọjọ́ orí. Ó ṣàlàyé pé rọ́bà máa ń gbó bí kò bá tilẹ̀ rìn, pé afẹ́fẹ́ àti ooru a máa gbẹ ẹ́ láti inú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Táyà tó bá ti pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Tó bá ti pé mẹ́wàá, kó kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, títí kan sípíà táyà. Ó ní bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró ní gbọ̀ngàn kí àwọn èèyàn máa wò ó, kò burú, àmọ́ kí ọ̀gá òun má fi í sáré lójú títì.

Káfíńtà dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ. Nígbà tí Aránṣọ bi í pé kí ni fọkanáísà sọ nípa táyà, ó ní, “Ó ní ojú rẹ̀ mọ́.” Òótọ́ kúkú ni. Ìdajì òótọ́.

Bó ṣe di àárọ̀ Sátidé náà nìyẹn. Màmá jáde wá, ó wọ bàtà tí kò wọ̀ láti ìgbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó fi ìka kan òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, bí bàbá ṣe máa ń ṣe kó tó wọlé, ó wá jókòó sẹ́yìn bí ẹni jókòó sórí àga oyè. Aránṣọ so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Màmá ní ṣé wọ́n fẹ́ mú òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Ní pápá ilé ìwé, ọkọ̀ kún bí òdòdó: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, ọ̀kan tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, òmíràn tí fèrè rẹ̀ ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ. Alága ẹgbẹ́, ìyá àgbà kan tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, pè wọ́n jọ. Òun ló kọ́ ìdajì wọn. Ó ní kí wọ́n jìnnà síra, kí wọ́n má ya ara wọn sílẹ̀. Ó ní bí táyà bá bẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ bíréèkì lójijì. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú, kí ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra rọlẹ̀. Eṣinṣin kan ti bà lé iná iwájú ọkọ̀ Káfíńtà, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà sì ń nù.

“Káfíńtà, kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní ká má ya ara wa sílẹ̀, mà.”

“Ìyẹn nìkan?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbéra. Ìran ńlá ni. Àwọn èèyàn yọ jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ kan sáré jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìdajì orí rẹ̀ ti fá, ìdajì kò tíì fá. Àwọn ọmọdé ń ka ọkọ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ń fọn fèrè, àwọn yòókù ń dá a lóhùn. Màmá ń juwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń juwọ́ sósì. Ó ní kí ọmọ òun má sáré, kí àwọn tó ń jowú òun lè rí òun dáadáa. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Káfíńtà wò wọ́n nínú dígí, àyà rẹ̀ kún. Bí wọ́n bá fún un ní ayé lọ́jọ́ náà, yóò ní kí wọ́n gbé e sórí pákó.

Wọ́n bọ́ sí títì gbọọrọ. Oòrùn ti mú. Alága tó wà níwájú fi kún eré díẹ̀, gbogbo wọn fi kún un. Nígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ọkọ̀ lápá òsì, gbì, gbì, gbì, sítíárì sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ Káfíńtà.

Màmá ní, “Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?”

“Ọ̀nà ni ò dáa, Màmá.”

Ọ̀nà dáa. Ó mọ̀ pé ọ̀nà dáa. Ohùn fọkanáísà wá sí i létí, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà, yóò dá ìtò àwọn ọkọ̀ rú, gbogbo èèyàn yóò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ táyà. Adágún omi ò jìnnà mọ́. Ó ń bá a lọ.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí awọ táyà fi bó kúrò, ó na ara ọkọ̀ gbàá, gbàá. Ọkọ̀ fà sí òsì. Káfíńtà gbàgbé gbogbo ohun tí Alága sọ, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ yí bìrí, ó kúrò lójú títì, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò koríko, ó sì kan ọgbà onípákó kan gbàgà. Fèrè ọkọ̀ há, ó ń dún kò dákẹ́, bí ẹni pé ó ń ké pe àwọn ará ilé.

Káfíńtà ò lè yí ọrùn padà wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ohun tí yóò rí ló bà á. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú tó gùn jù láyé rẹ̀.

Ohùn Màmá wá láti ẹ̀yìn. “Ọmọ mi, ṣé adágún omi náà rèé?”

Bẹ́líìtì ló dì í mú. Iwájú ni ì bá fò wá, dígí ni ì bá fi orí gbá. Èjìká ń dùn ún, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wú, àmọ́ odidi ni. Aránṣọ náà ò fara pa. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ti jìnnà bí Alága ṣe sọ, ìyẹn ni ò jẹ́ kó gun wọ́n lórí.

Alága yí padà. Ó gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí gbogbo èèyàn kúrò létí títì, ó bi Màmá bóyá ọrùn ń dùn ún kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú awọ táyà nílẹ̀. Ó fọwọ́ rún un, ó rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ.

“Ta ló wo táyà yìí kẹ́ ẹ tó jáde?”

Káfíńtà ì bá di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Aránṣọ ń wò ó. Káfíńtà tẹ́rí ba.

“Fọkanáísà wò ó. Ó ní ó ti gbó, kí n má fi í sáré. Máàkì méjì ni mo ń wá, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó mi.”

Aránṣọ kẹ̀yìn sí i, ó lọ di Màmá mú. Ìyẹn ló dun Káfíńtà ju ariwo lọ. Màmá ló sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ wíwú lé àyà.

“Ṣé o mọ ìdí tí bàbá rẹ fi ra táyà wọ̀nyẹn? Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà náà ti gbó, ó ní òun ò lè fi táyà gbígbó gbé wa. Ikú ni ò jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ló fi sílẹ̀ fún ọ. Àmójútó ló sì fi tì í. Ìwọ mú táyà, o fi àmójútó sílẹ̀.”

Káfíńtà sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Dókítà ní eegun kankan ò ṣẹ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Aránṣọ ò bá ọkọ rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, bó bá sọ pé nǹkan dára, ìyàwó rẹ̀ a dìde lọ wò ó fúnra rẹ̀. Káfíńtà lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn agbófinró ojú títì, ó gba ìjìyà rẹ̀, ó sì padà lọ tún ọgbà onípákó náà kàn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gba àmì ẹ̀yẹ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, ó mú awọ táyà náà dání, ó dúró níwájú wọn, ó rò fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Kó tó jókòó, gbogbo wọn ti jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń ka nọ́ńbà. Ọkọ̀ márùn-ún ni táyà rẹ̀ ti kọjá ọdún mẹ́wàá. Ti ọkọ̀ pẹ́pẹ́yẹ dàgbà ju ti Káfíńtà lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ ò fún táyà àtijọ́ ní máàkì mọ́, ẹni tó bá sì so bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kì í pàdánù máàkì kankan.

Awọ táyà náà ló wà lórí pákó pálọ̀ báyìí. Bí Màmá bá fẹ́ jáde, Káfíńtà á kọ́kọ́ yí ọkọ̀ ká, á bẹ̀rẹ̀, á ka nọ́ńbà mẹ́rin náà sókè lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá kà á tán ni Màmá tó ń kan òrùlé, kó, kó.

Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwọ tó ń kà á, bóyá ọkọ̀ tìrẹ kì í ṣe ti àtijọ́, bóyá àlòkù táyà lo rà nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́. Jáde lọ wò ó lónìí. Bí o kò bá rí nọ́ńbà náà lápá òde, wo apá inú. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ, má ṣe purọ́ mọ́ ọ̀nà. Yà sí ẹ̀gbẹ́, kí o dúró. Kí o sì so bẹ́líìtì mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, ìwọ ló fi ọkàn tán.