Mùsílíù àti Ọkọ̀ Olójú Mẹ́rin

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Ẹni tó bu gáàrì sẹ́nu, kó yáa gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ̀rín bá ká a mọ́ inú ìtàn yìí, gáàrì á gba imú jáde. Etí méjèèjì ni mo fẹ́ o. Ẹ má yá mi ní ẹyọ kan kẹ́ ẹ máa fi ìkejì gbọ́ ìjà àwọn ará ilé kejì.

Ní Challenge, n'Íbàdàn, lọ́dún 1995, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ràfátù Ògúntúndé. Páàtì ọkọ̀ ló ń tà níwájú ọgbà mẹkáníìkì bàbá ẹ̀. Ó rẹwà, ó já fáfá, inú sì máa ń tètè bí i. Àwọn oníbàárà á kọ́kọ́ dúró sódìkejì títì, wọ́n á wo ojú ẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tó sọdá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ kan yà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Funfun ni, ó ṣe igun mẹ́rin bíi páálí bàtà, iná iwájú ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin. Ohùn ẹ̀ kì í ṣe ohùn ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́. Ohùn ẹni tó ń wá ìjà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu eruku lójú ọkọ̀ kó tó rántí nu òógùn ojú ara ẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, filítà ọ́ìlì Alfa Romeo Giulia ni mo ń wá."

"Ti kí ni?"

"Giulia. Ọkọ̀ Ítálì ni. Ẹ wò ó, ojú mẹ́rin ló ní."

"Mo rí i. Ojú mẹ́rin, síbẹ̀ kò rí ọ̀nà ilé àwọn tó ń ta páàtì ẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín ò sọ fún yín pé Challenge kì í ṣe Ítálì?"

Inú bí ọmọkùnrin náà. Mùsílíù Adéróunmú lorúkọ ẹ̀, ará Òjóò ni, ó sì máa ń ya plan ilé fáwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ó fi ìbínú ṣàlàyé pé ẹnjiníà Ítálì kan tó gbé ní Jericho ló ta ọkọ̀ náà fóun kó tó padà sílùú ẹ̀, pé ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é, pé kò sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà rí. Ràfátù ní ọdún 1971 náà ni wọ́n bí òun, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ti òun rí.

Mùsílíù ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ràfátù náà ò fẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní púlọ́ọ̀gì lòún ń wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, bẹ́líìtì. Lọ́sẹ̀ kẹrin kò rí irọ́ pa mọ́, ó kàn fa bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ràfátù bá a wá filítà ọkọ̀ mìíràn tó bá ti Giulia mu rẹ́gí. Mùsílíù náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà móoru díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń tún kabúrétọ̀ méjèèjì ṣe kí ohùn wọn lè dọ́gba. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jọ tẹrí bọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní kabúrétọ̀ làwọn ń wò fún wákàtí kan gbáko. Ẹ̀yin náà, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," Mùsílíù fi oríkì pè é lọ́jọ́ kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, "ohun méjì ló wà láyé yìí tí mi ò lè fi yá ẹnikẹ́ni."

"Èwo lo kọ́kọ́ ní nínú méjèèjì?"

Ojú Mùsílíù sá lọ sára ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ràfátù ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ku bàbá.

Bàbá Ràfátù, Ògúntúndé, ìdílé alágbẹ̀dẹ ni kí wọ́n tó di ìdílé mẹkáníìkì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe, gbogbo Challenge ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní àṣà kan. Ọkọ̀ yòówù kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó tó ṣe ohunkóhun, á yọ irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tẹmositáàtì nínú ẹ̀, irin tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí tá á fi móoru. Ó ní irin ìlú olótùútù nìyẹn, pé ta ló ń pọn omi gbígbóná mu n'Íbàdàn. Gbogbo èyí tó bá yọ, á so wọ́n mọ́ wáyà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, bí ọdẹ ṣe ń so agbárí ẹran. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ṣe ohunkóhun. Bàbá sì rò pé gbogbo ọkọ̀ lọmọ bàbá kan náà.

Nígbà tí Mùsílíù fẹ́ kí wọ́n mọ òun nílé náà, kí ló ṣe? Ó gbé Giulia fún bàbá pé kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn. Inú bàbá dùn dé eyín. Ó fọ kabúrétọ̀, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó yọ irin kékeré yẹn, ó so ó mọ́ wáyà.

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn ẹbí Ràfátù wọṣọ, wọ́n jókòó. Aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni. Aago méjìlá, kò sẹ́ni. Ní aago méjì ni Mùsílíù tó fẹsẹ̀ rìn dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Giulia ti hó ní Bódìjà, ó ń yọ èéfín bí ìkòkò elékuru. Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ.

Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ̀ náà dé Dùgbẹ̀ kó tó hó. Bàbá Mùsílíù fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, omi rédíétọ̀ bá tú sí wọn láṣọ funfun.

Nígbà tí wọ́n jàjà dé, Bàbá Ràfátù dìde, ẹbí méjèèjì ń gbọ́. "Ẹni tí kò lè tọ́jú ọkọ̀, ṣé ìyàwó ló máa tọ́jú? Sátidé tó ń bọ̀ ni ìkẹta. Tí aago mẹ́wàá bá fi lù tí kò tíì dé, kó má wá mọ́. Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún un."

Ẹ wo Ràfátù. Inú bí i sí bàbá, inú bí i sí Mùsílíù, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ yẹn ló ga jù. Ní Mọ́ńdè, Mùsílíù wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá bẹ̀ ẹ́, ó mú ìwé kékeré nípa ìtọ́jú ọkọ̀ náà tí ará Ítálì fún un dání, kò sì tíì jókòó tí Ràfátù fi kò ó lójú.

"Tákísí pọ̀ ní Òjóò. Wọ tákísí wá."

"Mi ò lè wọ tákísí."

"Kí ló dé? Ṣé ìyálé mi á bínú ni?"

"Ràfátù, bàbá yín ló tọ́jú ọkọ̀ yẹn. Tí mo bá gbé e sílé tí mo wọ tákísí wá fẹ́ ọmọ wọn, kí ni mo sọ? Mo sọ níwájú gbogbo ẹbí pé iṣẹ́ wọn ò dáa. Tí mo bá sì gbé e fún mẹkáníìkì mìíràn, Challenge á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú."

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Torí páálí bàtà!"

Inú wá bí Mùsílíù náà. "Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ṣé ó hó rí?"

Ọ̀rọ̀ ti jábọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ta ló ń fọwọ́ bo ẹyin tó ti fọ́? Ràfátù ní kó jáde. Ó ní bàbá òun ló ń bú. Mùsílíù jáde, ó sáré débi pé ó gbàgbé ìwé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìwé náà fi wà lórí káńtà. Ní Fúráìdè, Ràfátù gbé e láti jù ú dà nù, ìwé bá ṣí lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gbọ́ èdè Ítálì, ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ èdè. Ó rí ẹ́ńjìnnì, ó rí ọfà tó ń tọ́ka ọ̀nà omi, ó rí irin kékeré kan lójú ọ̀nà. Bí omi bá gbóná, irin yẹn á dí ọ̀nà ẹ̀bùrú, á darí omi sí rédíétọ̀ kó lọ tutù. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi gbígbóná á gba ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Ràfátù gbójú sókè. Wáyà bàbá ẹ̀ ń mì lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín gbogbo irin tó wà níbẹ̀, ọ̀kan dá yàtọ̀, èdè inú ìwé yẹn ló wà lára ẹ̀.

Ó dúró títí ọgbà fi ṣófo, kó má baà di ìtìjú. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó sì ṣí ìwé náà.

Bàbá wò ó, ojú ẹ̀ pọ́n. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń yọ ọ́. Ọkọ̀ wo ló kú?"

"Èyí, Bàbá. Èyí ló ń kú. Èmi náà sì wà nínú ẹ̀."

"Ìwé tí o ò lè kà lo fẹ́ fi kọ́ mi níṣẹ́?"

"Mùsílíù mọ̀, Bàbá. Ó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ẹ̀. Ẹ bú u níwájú bàbá ẹ̀, ó gbé e mì, torí kí ojú má baà tì yín. Ẹ̀yin wá wò ó, ta ló mọ ìtọ́jú nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tọ́mọ kì í sọ sí bàbá nìyẹn. Bàbá dìde, ó ní kó kúrò níwájú òun, pé òun ò fẹ́ gbóhùn ẹ̀ mọ́.

Sátidé mọ́. Àwọn ẹbí jókòó, ṣùgbọ́n àga bàbá ṣófo. Ìyá Ràfátù ní àtìdájí ni bàbá ti jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. Ràfátù sáré lọ sí ọgbà. Wáyà wà níbẹ̀, irin Ítálì ti kúrò lórí ẹ̀. Bàbá ti jù ú nù, Ràfátù wí nínú ara ẹ̀. Ó jù ú nù kí n má baà lọ́kọ. Ìbínú gbé e padà sílé, ó já gèlè kúrò lórí, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ẹ̀ ní kó fara balẹ̀. Ó ní òun ò ní ara tí òun á fi balẹ̀.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ẹbí ti ń wo ara wọn. Ẹnì kan ti ń wá bàtà ẹ̀. Ohùn kan wá dún láti Ring Road, ohùn ẹni tó ń wá ìjà. Ràfátù sáré jáde láìwé gèlè. Giulia yà wọlé, kò yọ èéfín kankan, àwọn àgbà Òjóò jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ funfun tó gbẹ táútáú, Mùsílíù wà níwájú lápá ọ̀tún, ọwọ́ ẹ̀ wà lórí itan bí àlejò.

Ògúntúndé ló wa ọkọ̀ náà wá, gírísì dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀.