Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Ń Kí

Àpò ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀. Àpò ńlá kan ń gun òkè bọ̀ láàárín oko kọfí wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wà lágbàlá tí a ń sá kọfí sí, mo ń fi igi yí i kí oòrùn lè kàn án dọ́gba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni àpò wí. "Wọ́n ní ẹ ní yàrá fún àlejò."

"A ní. Ṣé ẹ̀yin àti àpò yín ni, àbí àpò nìkan?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì. Káfíńtà ni, láti ìlú ńlá nísàlẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ló ní kó lọ sinmi kó tó fi ayùn gé ọwọ́ ara ẹ̀ tán. Orí ìka kan ti lọ ná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi tí kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́, ti sọ ọ́ ní Alápò, ó sì ti ń pè é ní ọkọ òun.

"Ọkọ mi, wá gbé mi síta kí n rí oòrùn."

Alápò á gbé e tòun ti àga. Mi ò rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí, tó ń sanwó yàrá tó tún ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ onílé.

Ìsinmi ẹ̀ dùn ún wò. Láàárọ̀, á mu kọfí lórí òkúta tó wà lẹ́yìn ilé, á máa wo bí kùrukùru ṣe ń ká kúrò lórí òkè. Lọ́sàn-án, á sùn bí ọmọ tó yó. Nírọ̀lẹ́, á gba igi lọ́wọ́ mi, á máa yí kọfí títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Èmi á dúró tì í bíi pé kò mọ̀ ọ́n yí. Ó mọ̀ ọ́n yí dáadáa.

"Adúmáadán" ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó má dán an wò mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo dáhùn. Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí? Mo fẹ́ràn ẹ̀. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀, ara mi kì í yá.

Bàbá mi rí wa, inú ẹ̀ ò sì dùn.

"Ẹni tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ọ̀nà ló ń lọ," ló wí níbi oúnjẹ, ó rí i dájú pé mo gbọ́. "Ta ló mọ ilé bàbá ẹ̀?"

"Jẹ́ kó sinmi jàre," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ̀yìn èèyàn ò mọ ohun tó máa gbé lọ́la."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò pa Bàbá lẹ́rìn-ín. Lásìkò yẹn, kò sóhun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Òjò ti dé ṣáájú àkókò ẹ̀. Odò kékeré tí a fi ń fọ kọfí kọ́kọ́ dọ̀tí, ó pupa. Nígbà tó yá ó gbẹ, òjò sì ń rọ̀. Ta ló rí irú ẹ̀ rí? Àwọn adìyẹ wa kọ̀, wọn ò wọ ilé wọn mọ́, orí igi ní òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n ń lọ sùn.

Gbogbo àárọ̀ tí òjò bá rọ̀, Bàbá máa ń lọ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á fi ìka méjì tì í. Ilẹ̀kùn á pa dé. Á ṣí i, á bá tiẹ̀ lọ. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Nígbà kan mo bi í pé kí ló dé.

"Ilẹ̀kùn ni mo ń kí," ló wí. Ó tán síbẹ̀. Àgbà ní ìwà tiẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ tí Bàbá kó kọfí lọ sí ilé ìwọ̀n, lórí àpáta ní òdìkejì àfonífojì. Òjò dá a dúró síbẹ̀. Nílé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé há. Mo fi ìdí tì í, mo fi èjìká tì í, omi tí mo gbé fún Ìyá Àgbà dà sí mi lára.

"Òjò ló mú pákó wú," mo ní.

Ojú Alápò tàn. Ẹni tó ní òun wá sinmi, irin tó fi ń fá pákó wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀! Ó tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fá a, ó gbé e padà.

"Ó máa dùn mọ́ Bàbá," ló sọ fún mi. "Tí wọ́n bá dé, màá bá wọn sọ̀rọ̀ wa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá sáré wọlé, òjò ti pa á, ó tutù rinrin. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn, ó fi ìka méjì tì í. Ilẹ̀kùn pa dé, kò dún rárá.

Èjìká ẹ̀ wálẹ̀. Àfi bó ṣe rẹ́rìn-ín! Ó jókòó, ó gba kọfí lọ́wọ́ mi.

"A lè sùn nílé," ló wí.

Alápò rí i pé inú ẹ̀ dùn, ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mo fẹ́ fi í ṣe aya."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibi iná kí wọ́n má rí ojú mi, mo ń da èérún pákó sí i kó lè jó. Bàbá wo ọwọ́ mi.

"Níbo nìyẹn ti wá?"

"Ara ilẹ̀kùn ni. Ó há lánàá, Alápò bá wa fá a."

Bàbá rọra gbé ife sílẹ̀. "Ó fá a?"

"Kò nípọn ju èékánná lọ, Bàbá," Alápò ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ló kan ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn tí òkè ya, tó gbé àbúrò ẹ̀ lọ, tòun ti ilé. Ó jẹ́ kó fún mọ́ férémù pinpin, pé tí òkè bá sún díẹ̀, á há, òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa." Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó sọ fún wa. O wá pa á lẹ́nu mọ́."

"Ó há?" Ìyá Àgbà kígbe láti yàrá. "Ẹ máa lọ o! Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti gbó!"

Bàbá sáré lọ gbé e, orúnkún ẹ̀ kọ̀. Alápò ti gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà níbẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó jù ú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ yín."

A gba inú òjò sọ̀ kalẹ̀, a gba àfonífojì gun àpáta. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń mì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Ìyá Àgbà nìkan ló ń sọ̀rọ̀: "Ọkọ mi, yára díẹ̀, àbí o ò jẹun ni?"

A dé ilé ìwọ̀n, a bojú wẹ̀yìn. Iná tí mo dá ṣì ń tàn lójú fèrèsé ilé wa. Gbogbo wa ń wò ó. Iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo tó dé.

Alápò bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá wo ìyá ẹ̀, tó kọ̀ láti sọ̀ kúrò lẹ́yìn ọmọkùnrin náà.

"Àpò ẹ dà?"

"Ó wà nílé, Bàbá."

"Nílé." Bàbá nu ojú. "Ẹni tí àpò ẹ̀ bá sùn nílé wa, ará ilé ni."

Bí mo ṣe di ìyàwó Alápò nìyẹn. Ó kọ́ ilé mìíràn fún wa lókè kejì, torí kọfí ò mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bàbá dúró tì í títí ó fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: "Jẹ́ kó fún sí i. Sí i." Bàbá ò sí mọ́ báyìí, Ìyá Àgbà náà ti lọ. Àmọ́ gbogbo àárọ̀ tí òjò bá rọ̀, ọkọ mi á fi ìka méjì ti ilẹ̀kùn náà, ọ̀kan ò lórí. Tí ọmọ wa bá bi í, á ní, "Ilẹ̀kùn ni mo ń kí."

Òjò tètè dé lọ́dún yìí. Láàárọ̀ òní, mo ń gbọ́ ọkọ mi nídìí ilẹ̀kùn láti orí ibùsùn. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tì í. Ó fi èjìká tì í.

Kò pariwo. Ó rọra sọ ọ́ kí ọmọ má bàa jí pẹ̀lú ẹ̀rù.

"Adúmáadán mi," ló wí, "dìde, pọn ọmọ."